Aṣọ Dúdú Lára Àpótí Oyin

Hester ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù Birmingham ò mú ọ jù, ṣé o sì ń jẹun gidi, kì í ṣe búrẹ́dì inú ọ̀rá yẹn nìkan? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ara mi le, ara bàbá rẹ náà le, mo sì fẹ́ kí o ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì, torí bí ẹnikẹ́ni láti abúlé bá pè ọ́ pé òun bá ọ kẹ́dùn, má sunkún o. Bàbá rẹ ò kú. Èmi ni mo fa ọ̀rọ̀ náà, màá sì ṣàlàyé, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni dókítà ẹran wá, Imogen, ọmọbìnrin kékeré tó máa ń wọ bàtà òjò pupa yẹn. Ó gún gbogbo màlúù wa mọ́kànlélógójì ní abẹ́rẹ́ àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, ọ̀kan lókè ọrùn, ọ̀kan nísàlẹ̀. O ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí. Ó di ọjọ́ Ẹtì kó tó padà wá wọn ọrùn wọn, èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá wú ju òkè lọ, wọ́n á ní ikọ́ wà lára ẹ̀, ọkọ̀ ìjọba á wá gbé e lọ pa, ó parí nìyẹn. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, Damson, tí ìwọ fúnra rẹ fi ìgò fún lọ́mú nígbà tó wà lọ́mọ, ti ní kókó nísàlẹ̀ ọrùn. Mo rí i, bàbá rẹ rí i, kò sẹ́ni tó la ẹnu nínú wa. O rántí ọdún tí wọ́n kó màlúù mẹ́sàn-án lọ, tí bàbá rẹ ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún odidi oṣù kan àfi ajá. Àyà mi ń já, Hester. Ó ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, mi ò rò pé ó lè tún la irú oṣù yẹn kọjá.

Ni mo bá ní kí n lo fóònù tí o rà fún mi, kí n pe ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹran. Obìnrin kan gbé e, ohùn ẹ̀ dùn, ó ní ọ̀rọ̀ mi ṣe pàtàkì gan-an sí àwọn. Mo dúpẹ́, mo béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀, kò fèsì, ó kàn ní kí wọ́n máa fi orin dá mi lára yá. Mo gbé ọ̀dùnkún tí mò ń bó sílẹ̀, mo jókòó jẹ́jẹ́, torí ìwà àìmoore ni kéèyàn máa ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n ń kọrin fúnni. Lẹ́yìn bí ogójì ìṣẹ́jú, ó ní kí n lọ kọ fọ́ọ̀mù inú fóònù. Fọ́ọ̀mù náà bi mí bóyá ẹ̀rọ ni mí! Èmi Enid Probert, tí mo bí ọmọ! Ó ní tí mi ò bá í ṣe ẹ̀rọ, kí n tọ́ka sí iná tó ń dá ọkọ̀ dúró. Hester, o mọ̀ pé kò síná kankan ní Marlbrook End, àgùntàn ló ń dá ọkọ̀ dúró níbí. Mi ò lè purọ́ fún ìjọba nígbà tí ẹran wa ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ni mi ò bá fọwọ́ kan nǹkan kan, ó sì lé mi jáde. Láti ìgbà yẹn lẹ̀rù ti ń bà mí pé wọ́n ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ ní olóríkunkun, pé Damson ló máa jìyà ẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe ló kàn báyìí. Ìyá ìyá mi máa ń sọ pé bí ẹnì kan bá kú nílé tí wọn ò sọ fún oyin, oyin á ṣí lọ. Nígbà tí wọ́n kó mẹ́sàn-án yẹn lọ, mi ò sọ fún wọn torí màlúù ni, wọ́n sì ṣí lọ lóòótọ́ kí oṣù tó parí. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí màá tètè sọ ọ́. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo mú kọ́kọ́rọ́ ilé, mo fi kan àpótí oyin kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, mo sọ fún oyin pé ìjọba lè wá mú ẹnì kan nínú ilé wa lọ lọ́la, mo wá gé aṣọ inú kóòtù dúdú bàbá rẹ, mo so ó mọ́ àwọn àpótí náà lára bí aṣọ ọ̀fọ̀. Mo gbàgbé pé Ìyáàfin Gwatkin aládùúgbò wa ní ojú, pé ojú ọ̀hún kì í sì í kúrò lórí ọgbà wa. Kò bi mí léèrè. Ó rí aṣọ dúdú lára àpótí oyin, ó rí i pé èmi dúró lórí ẹsẹ̀ mi, ó wá fúnra rẹ̀ ṣírò ẹni tó kù.

Kó tó di ọ̀sán, ilé ti kún. Kéèkì mẹ́ta, itan ẹlẹ́dẹ̀ odindi kan, àti Alùfáà Pryce tó ń bi mí orin tí olóògbé fẹ́ràn jù. Mo rò pé Damson ló ń bi mí nípa rẹ̀, mo sọ fún un pé ó fẹ́ràn orin rédíò, pàápàá tí wọ́n bá ń fún wàrà rẹ̀. Alùfáà ò tíì pa ẹnu dé nígbà tí bàbá rẹ jáde láti ilé màlúù, ìgbẹ́ ẹran dé e lórúnkún. Ìyáàfin Gwatkin figbe ta, ó jókòó sínú èsìsì. Bàbá rẹ béèrè pé ta ló kú. Wọ́n ní òun ni. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ẹ̀ láti Ọjọ́rú nìyẹn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín. Ó wo aṣọ dúdú náà, ó wò mí, kò bá mi jà, ó kàn padà sọ́dọ̀ ẹran. Ká ní ó bá mi jà ni, ọkàn mi ì bá balẹ̀ díẹ̀.

Àná tí í ṣe ọjọ́ Ẹtì, Imogen dé. Ogójì màlúù yege. Ó wọn ọrùn Damson, ó tún un wọ̀n, ó ní òun ò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni, òun ò sì lè sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó wú, ṣùgbọ́n kò wú tó. Ó ní ká yà á sọ́tọ̀ fún ọgọ́ta ọjọ́, òun á padà wá gún un. Ọgọ́ta ọjọ́! Mẹ́ta péré rèé tó fẹ́ pa wá.

Lẹ́yìn tó lọ, mo ní kí n lọ tú aṣọ dúdú yẹn kúrò. Bàbá rẹ ti ṣáájú mi débẹ̀. Bàbá rẹ o, tó ti ń pe ọ̀rọ̀ oyin yìí ní ìwà òmùgọ̀ ìyá arúgbó láti ogójì ọdún! Ó ti ṣí fìlà, ó ti fi kéèkì òkú ara ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sórí àpótí kọ̀ọ̀kan. Mo sá sẹ́yìn igi. Ó sọ fún oyin pé òun ò kú. Ó ní Damson náà ò tíì lọ. Ó wá ní ẹ̀rù ń ba òun, pé ọwọ́ òun ò lè di màlúù mú mọ́, pé bí wọ́n bá mú Damson, òun á ta èyí tó kù, òun á ti géètì oko pa. Ó ní bí Hester bá lè wá bá òun di okùn Damson mú lọ́jọ́ tí Imogen bá padà dé, òun á lè dúró. Ṣùgbọ́n òun ò ní pè é, torí ó níṣẹ́ tiẹ̀. Ó ní kí wọ́n má sọ fún mi.

Oyin ò mọ̀wé kọ, Hester. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú kálàmù.

Owó tí mo máa ń tọrọ ní ìparí lẹ́tà, tọ́jú ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, fi wọ ọkọ̀ ojú irin. Ka ọgọ́ta ọjọ́ láti àná. Ṣe bíi pé ìwọ lo rò ó fúnra rẹ. Kéèkì ṣì pọ̀ nílẹ̀, bá wa jẹ ẹ́. Ilé ò ní dàhoro lójú rẹ, ọwọ́ tí o fi bọ́ ẹran ò ní gbẹ, o ò ní gbọ́ òkú bàbá rẹ lẹ́nu aládùúgbò.

Láàárọ̀ yìí ni mo mú kọ́kọ́rọ́, mo lọ kan ilẹ̀kùn oyin, mo sọ fún wọn pé o ń bọ̀. O sì mọ̀ pé a kì í purọ́ fún oyin.

Èmi ni ìyá rẹ,
Enid Probert