Àmì Tó Wà Láàárín Orúkọ Yín

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ara mi kò balẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Idigny pàápàá ti fura, torí ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń kọ sójú pátákó tí mo tún ń pa rẹ́. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín, bóyá ọkàn mi á rọ̀.

Òjò ti ba pátákó ilé búrẹ́dì yín jẹ́, èyí tí ẹ̀yin àti Àǹtí Sàlámátù ọ̀rẹ́ yín jọ gbé kọ́: «Boulangerie Àbẹ̀kẹ́ & Sàlámátù». Ẹ fẹ́ràn àmì àárín yẹn ju orúkọ yín lọ. Ẹ ní ó dà bí obìnrin tó jókòó sílẹ̀ tó na ẹsẹ̀ kan. Ibi gbogbo lẹ ti ń lò ó: «iyọ̀ & ṣúgà», «ìwọ & àbúrò rẹ». Èmi náà kọ́ ọ lọ́wọ́ yín, mo lò ó nínú àpèkọ, olùkọ́ sì fi gègé pupa yí i po. Ó ní inú orúkọ ilé iṣẹ́ ni àmì yẹn ń gbé. Nínú gbólóhùn, ká kọ «àti» jáde gbangba. Ohun tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ lónìí náà nìyẹn, àmọ́ ó máa ń ṣe mí bíi pé mò ń bá yín jiyàn.

Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, Àǹtí ránṣẹ́ pè mí sí Kétu. Kí n tó dé, ọkùnrin tó ń kọ pátákó ti fi ọ̀dà funfun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Kò sí orúkọ yín mọ́. Àǹtí kò lè wò mí lójú, wọ́n kàn di ọwọ́ mi mú.

Ọkùnrin náà kọ «Sàlámátù», ó kọ àmì yẹn tẹ̀ lé e, ó wá dúró lórí àkàbà.

“Ta ló kàn?”

Mọ́mínì, àkọ́bí Àǹtí, tó ti Kùtọnu wá nítorí pátákó, dáhùn kíá: “Ọmọkùnrin ló kàn, kọ «Fils». Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn.”

Àǹtí yíjú sí mi. “Orúkọ ìyá ẹ ló wà níbẹ̀, ìwọ ni wàá sọ ọ́. Bó o bá ní ká kọ tìẹ, a ó kọ ọ́.”

Màmá, ó wù mí. Kí n má purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ojú mi lọ sínú ilé, mo rí Fàtímá, ìyàwó Mọ́mínì, tí ìyẹ̀fun kùn ún dé ìgúnpá. Láti ìgbà tí àìsàn ti dá yín dúbúlẹ̀, kí ẹ tó fi wá sílẹ̀ lọ sọ́run, òun ló ń ṣe iṣẹ́ yín. Kò tilẹ̀ gbójú sókè, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn án.

“Ẹ kọ Fàtímá,” ni mo wí.

Mọ́mínì rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé ìyá òun kò rẹ́rìn-ín, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ títí di ìsinsìnyí.

Ṣé mo ṣe é re? Àbí mo fi àyè yín tọrẹ? Àwọn ará ilé wa ní mo gbé ogún ìyá mi sọ nù. Nígbà míì, bí mo bá ronú ohun tí ẹ máa sọ, ẹ̀rín yín ni mò ń gbọ́. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Lánàá mo tún lọ wò ó. Fàtímá kò mọ̀wé. Ó ní kí n fi orúkọ òun han òun, mo sì ń tọ́ka sí i ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a parí, ó ní, “Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Èyí tó lọ́ yìí?”

Mo ní, “«Àti» là ń pè é.”

Ó wò ó títí. Ó wá pe gbogbo rẹ̀ sókè, “Sàlámátù àti Fàtímá,” ó sì bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún. Lẹ́yìn náà a sáré wọlé, nítorí búrẹ́dì ti ń jóná.

Èmi ọmọ yín, tó ṣì ń dẹtí sí yín.