Ta Ló Ń Sọ Ìdáhùn Fún Wọn?

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́, Imasayi

Ọkàn mi ò balẹ̀ sí Àǹtí Bísí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ní ká jọ máa kọ́ kíláàsì kan náà, tí òun mú igun ìwé kíkà, tí èmi mú igun ìṣirò, tí àwọn ọmọ ń pààrọ̀ igun láàárín wa, ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Pirinsípà ti sọ ọ́: bí ẹnì kan nínú wa bá lè dá a ṣe, ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní Afon ni wọ́n máa gbé ẹnì kejì lọ.

Lónìí, mo ní kí àwọn ọmọ fi kóńgò wọn gàrí, kí wọ́n mọ iye kóńgò tó máa kún báàfù. Àwọn tó ti igun rẹ̀ bọ̀ sọ́dọ̀ mi ò tíì bu kóńgò kan sínú báàfù tí wọ́n ti ń pariwo: "Méje, sà!"

Méje ni lóòótọ́. Mo ní ó ti kọ́ wọn ní iṣẹ́ mi, kí n lè dà bí ẹni tí ò wúlò.

Nígbà ìsinmi, mo bi í lójúkojú. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ sọ ìdáhùn fún wọn?"

"Gbénga, ṣé orí ẹ pé? Àwọn tó ti ọ̀dọ̀ ẹ wá náà ti mọ ìparí ìtàn mi kí wọ́n tó jókòó. Ìwọ ni mo rò pé ó sọ fún wọn!"

Ṣèrífá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó pariwo "méje", tó ń gbálẹ̀ nítòsí, bú sẹ́rìn-ín. "Sà, ẹ̀gbọ́n mi tó ti kọ́kọ́ ṣe tiyín ló sọ fún mi nígbà tá a pàdé láàárín kíláàsì, èmi náà sì sọ ìparí ìtàn Àǹtí fún un. Ṣebí ẹni tó ń ti oko bọ̀ ló ń sọ bí ọ̀nà ṣe rí fún ẹni tó ń lọ."

Mi ò lè bá a wí. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nílé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Àǹtí Bísí ti ń fura sí mi kí n tó bi í. Àṣé ẹ̀rù Afon ń ba òun náà. Màá ṣì máa ṣọ́ ọ.