Ibùdó Keje

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà ni. Èmi ni mo mú bàbá ẹ wọ réluwéè ìgboro lọ sí ọsibítù, lórí àga onítáyà wọn, láàárín èrò tó pọ̀ bí eṣú, táyà kankan ò sì jò. Bí àwọn ará ibi iṣẹ́ ẹ bá bi ẹ́ pé ta ni, sọ fún wọn pé bàbá ẹ kékeré ni, fọganáísà, ẹni tó kúrò ní ìwé karùn-ún torí pé orí ẹ̀ ti kún.

Mo kí ẹ kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ṣé o wà dáadáa, ṣé ara le, ṣé ọ̀gá ẹ tó rán ẹ lọ sí ìlú mìíràn lọ́sẹ̀ tí a nílò ẹ ti dá ẹ padà. Mo mọ̀ pé o fi ọdún méjì jù mí lọ, o sì máa ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàbá kan náà ló bí èmi àti bàbá ẹ, nítorí náà ọmọ mi ni ẹ́, kò sí ibi tó o fẹ́ gbé e gbà. Iṣẹ́ ẹ ò ní dàrú, ẹni tó ń wá ìṣubú ẹ á gbàgbé ojú ẹ, wàá ṣe àmín sí i torí pé bàbá ẹ ló ń ṣàdúrà. Ilé wà bó o ṣe fi í sílẹ̀. Ìyá ẹ ní kí n kí ẹ, wọ́n ti fi páànù tuntun sórí ilé ìdáná, òjò ò sì wọ inú ọbẹ̀ mọ́.

O mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí kí a tó gbéra. Àga àtijọ́ yẹn ti fún bàbá ẹ jù, ó ti dá egbò sí wọn ní ìbàdí, egbò náà ò sì jinná látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ lo bá wọn gba àyè lọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń wọn èèyàn fún àga tuntun, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń wá. O kọ ọ́ pé aago mẹ́wàá ni wọ́n máa pe orúkọ, pé ẹni tí ò bá sí níbẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń bá wa fọ egbò náà sì ti sọ lójú gbogbo wa pé egbò yìí ò ní dúró de ọdún tó ń bọ̀.

A dé ibùdó réluwéè ní aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀. Mo ti fẹ́ táyà méjèèjì títí wọ́n fi le bí òkúta. Ilẹ̀kùn kan wà níbẹ̀ tó ń gbé tíkẹ́ẹ̀tì mì. Nígbà tó fẹ́ gbé tèmi mì, mo dì í mú, a fà á síhìn-ín, a fà á sọ́hùn-ún, títí ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn fi ní kí n jọ̀wọ́ ẹ̀, pé ó máa bì í jáde. Ó sì bì í jáde lóòótọ́. Lẹ́yìn náà a wọ yàrá kékeré kan tó ní dígí. Mo rò pé ibi tí àwọn arúgbó ti ń sinmi ni, mo ń wá ìjókòó, àfi bí ilẹ̀ ṣe ń gbé wa lọ sísàlẹ̀. Mo di àga mú. Bàbá ẹ ní kí n fara balẹ̀, pé lífíìtì ni.

Oníṣẹ́ẹ̀tì ọsàn yẹn náà ló gbé pákó onírin wá, tó tẹ́ ẹ sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, torí àlàfo kan wà níbẹ̀ tó lè gbé táyà iwájú mì. Ó bèèrè ibi tí a ti máa sọ̀kalẹ̀, pé òun fẹ́ fóònù àwọn ará ọ̀hún kí wọ́n gbé pákó tiwọn dúró. Bàbá ẹ la ẹnu. Mo tètè dá ọkùnrin náà lóhùn pé kó má ṣèyọnu, pé èmi ni pákó, apá tó ń tú táyà ọkọ̀ akẹ́rù ò lè ṣàì gbé ẹ̀gbọ́n mi. Ó wo bàbá ẹ, bàbá ẹ wò mí, ilẹ̀kùn padé.

Nínú ọkọ̀, wọ́n ya àwòrán àga onítáyà síbì kan, a dúró síbẹ̀. Bọ́tìnì pupa kan wà lára ògiri ibẹ̀. Mo kìlọ̀ fún bàbá ẹ kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, torí nǹkan pupa lọ́dọ̀ àwọn ará ìgboro, ẹ̀wọ̀n ni. Obìnrin kan tún wà níwájú tí a ò rí, ó ń kí wa káàbọ̀, ó ń pe orúkọ gbogbo ibùdó. Mo ń dá a lóhùn pé a dúpẹ́, mà. Èmi nìkan ló ń dá a lóhùn, àwọn yòókù ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

O kọ ọ́ pé ibùdó keje ni ká ti sọ̀kalẹ̀. Bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà nílé ni mo ṣe kà á. Tí a bá ní ọjà di ọjọ́ karùn-ún, ṣebí tòní ni a fi ń bẹ̀rẹ̀? Nítorí náà ibi tí a ti wọkọ̀ ni mo pè ní ìkíní. Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́wàá lù, ìka mi pé méje. Mo ní ó yá. Bàbá ẹ ní rárá, ó ku ẹyọ kan. Mo fọ̀rọ̀ kan dá wọn lóhùn, màá sọ ọ́ fún ẹ tó bá yá, mo sì fò sílẹ̀ kí n lè yíjú padà fa àga náà jáde.

Ilẹ̀kùn padé. Kò pariwo, ó kàn padé. Mo lu dígí. Mo rí bàbá ẹ nínú, wọ́n gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń sọ pé kí n dúró síbẹ̀, ọkọ̀ sì gbé wọn lọ. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé tíkẹ́ẹ̀tì wọn, fóònù wọn, ìwé ọsibítù, gbogbo ẹ̀ ló wà lápò mi, torí mo ti sọ pé kò yẹ kí àgbà máa ru ẹrù.

Mo bẹ obìnrin tó ń pe orúkọ ibùdó yẹn, tó tún ti dé ibẹ̀, bó ṣe yára débẹ̀ ò yé mi, pé kó pe ọkọ̀ náà padà, pé ẹ̀gbọ́n mi ló gbé lọ. Ó ní kí n má kọjá ìlà yẹ́lò. Mo ní mo ti gbọ́, mà, ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́. Ó tún ní kí n má kọjá ìlà yẹ́lò. Mo sáré dé ìdí lífíìtì, wọ́n ti fi okùn dí i, ó ti bàjẹ́. Ọgọ́ta àtẹ̀gùn ló wà níbẹ̀, mo kà wọ́n bí mo ṣe ń gùn wọ́n. Ohun tó ń jà lọ́kàn mi ni bíréèkì àga yẹn, mi ò rántí bóyá mo tì í, mo ń rí i bó ṣe ń yí lọ yí bọ̀ láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, pẹ̀lú egbò yẹn.

Mo ń bi èèyàn léèrè ọ̀nà, mo fẹsẹ̀ sáré títí dé ọsibítù. Bàtà mi kan bọ́ lójú títì, mi ò yà mú un. Aago mẹ́wàá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún nígbà tí mo wọlé, mo sì ti ń ro ìlú tí mo máa sá lọ.

Bàbá ẹ wà níbẹ̀, wọ́n ń wọn ìbàdí wọn lọ́wọ́.

Bọ́tìnì pupa ni wọ́n tẹ̀. Awakọ̀ dá wọn lóhùn láti inú ògiri, wọ́n sọ orúkọ ibùdó fún un, wọ́n ní àga onítáyà làwọn wà, kò sí ìwé, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì. Kí ọkọ̀ tó dúró, èèyàn méjì ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú pákó. Bíréèkì yẹn, àwọn fúnra wọn ti tì í látìbẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú méje ló kù kí aago mẹ́wàá lù nígbà tí wọ́n dé ọsibítù, wọ́n sọ orúkọ ara wọn, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn gbé omi sílẹ̀ fún àbúrò àwọn tó ń bọ̀.

Nítorí náà, tó o bá wò ó dáadáa, ohun tí a torí ẹ̀ lọ ti di ṣíṣe. Àga á dé lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní táyà tuntun náà ò lè jò láéláé, mi ò fẹ́ sọ nǹkan kan sí ìyẹn. Mi ò tọrọ owó lọ́wọ́ ẹ, àfi tó bá wù ẹ́ láti ra bàtà, ti òsì ló sọnù. Ọ̀nà ibi tó o bá kọjú sí á máa là fún ẹ, wọn ò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ.

Ohun tí mo fẹ́ ni kó o bá mi bẹ bàbá ẹ. Nígbà tí wọ́n ní ó ku ẹyọ kan, mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé èmi ni mo ní ẹsẹ̀ tó ń rìn. Gbogbo ọkọ̀ ló gbọ́. Wọn ò sọ ọ́ fún ìyá ẹ, wọn ò sì mẹ́nu kàn án fún mi. Àná wọ́n ní kí n bá àwọn fẹ́ táyà, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo fẹ́ ẹ tán, mi ò lè gbójú sókè. Ibùdó tí mo ṣì kà, ìyẹn ò tó nǹkan. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹnu èmi ló sì ti jáde.