Lẹ́tà Kan Ṣoṣo fún Èèyàn Mẹ́sàn-án

                                        Yàrá Kẹta, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án.

Ìdílẹ̀kẹ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n sílẹ̀? Ìyá wa àgbà ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá ológbò jà? Èmi wà láàyè, orúnkún mi nìkan ló ń ráhùn. Ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ mi náà wà, ó ń jẹun dáadáa. Àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, kí n má sì parọ́, ìríra ló ń ṣe mí.

O mọ̀ pé ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ aránṣọ ni mo ti ń gbálẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní àwọn ń wá aránṣọ kan, mo sáré wá sọ fún ọmọ rẹ. Ó lọ bá atẹ̀wé ìsàlẹ̀ ilé wa, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, pé kó bá òun kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́. Owó tó gbà tó ra ọṣẹ oṣù méjì.

Ní ọjọ́ kẹta, mo ń nu ilẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé àgbà, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín. Àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín. Ó pè mí wá wò ó. Lẹ́tà ọmọ rẹ ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti ṣe ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì rí, pé ó gbọ́ èdè mẹ́rin, pé ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ọmọ tí kò lè gun kẹ̀kẹ́. Ọdún mẹ́fà tó fi rán yunifọ́ọ̀mù níwájú rẹ, wọn ò dárúkọ rẹ̀ rárá. Mo bi í nílé bóyá ó ka ìwé náà. Ó ní òun ò kà á, pé ìwé náà dán jù, òun ò fẹ́ kó rún lọ́wọ́ òun.

Èmi tí mi ò kọjá ìwé mẹ́fà ni mo mú un jókòó, mo ní kó kọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, bí ẹni ń sọ̀rọ̀. Ó kọ ọ́ pé òun ń rán ṣòkòtò mẹ́jọ lóòjọ́. Mo wò ó. Ó pa á rẹ́, ó kọ méje. Ó kọ bó ṣe ń tún ẹ̀rọ ṣe tí òwú bá ń já, àti bó ṣe ń gé aṣọ tí àjákù kì í fi í pọ̀. Ojú ìwé kan péré.

Ṣé o mọ ohun tí ọmọ rẹ ṣe? Ìparẹ́ yẹn tì í lójú, ló bá tún gbé e lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n kó bá òun tẹ̀ ẹ́ kó lè dán. Ọ̀jọ̀gbọ́n kà á, ó dùn mọ́ ọn, ó sì tà á fún gbogbo ẹni tó ń wáṣẹ́ ládùúgbò. Lánàá, akọ̀wé to ìwé mẹ́sàn-án sórí tábìlì. Ó ní, "Ìyá, ẹ wò ó, gbogbo wọn ló ń rán ṣòkòtò méje lóòjọ́. Mẹkáníìkì wà níbẹ̀." Ó ní òpùrọ́ ni wọ́n, inú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ni wọ́n ń lọ. Èmi ni mo sì máa da apẹ̀rẹ̀ náà nù.

Ọ̀rọ̀ yẹn rí mi lára. Aṣọ àgbàbọ̀, bí kò fún ni lápá, á ṣo ni lẹ́sẹ̀. Tiẹ̀ bá a mu, ó tún lọ yá ti ẹlòmíì. Mo bẹ akọ̀wé kó dúró di àárọ̀. Mo tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ títí mo fi rí ìwé tó fọwọ́ kọ. Àárọ̀ yìí ni mo gbé e sílẹ̀ níwájú akọ̀wé. Ó wo mẹ́jọ tí ọmọ náà pa rẹ́ àti méje tó kọ lé e. Ó ní, "Òpùrọ́ kì í dín in kù." Ó ní kí ọmọ náà wá jókòó sídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ Ajé, kó rán ọ̀kan lójú òun.

Inú mi ì bá dùn. Àmọ́ nírọ̀lẹ́ yìí, lẹ́yìn tí mo ti sọ fún ọmọ rẹ, ẹnu ọ̀nà ni mo ti bá a, ó ti wọ bàtà. Ó ní òun fẹ́ kí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá òun tẹ lẹ́tà ìdúpẹ́ fún akọ̀wé.

Mo ti tilẹ̀kùn. Orí kọ́kọ́rọ́ ni mo jókòó lé bí mo ṣe ń kọ èyí. Má bá mi bẹ̀bẹ̀ fún un.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o sì kí ìyá wa àgbà, àti ológbò náà.

Èmi tó ń bá ọ ṣọ́ ọmọ,
Abẹ́rẹ́.