Àwokòtò Kò Ní Di Pèpéle

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù Karùn-ún

Àdúgbò wa gba àmì ẹ̀yẹ! Ẹnjiníà káńsù ló wá sọ ọ́, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ oníbàtà rọ́bà tó ti ń yẹ gọ́tà wa wò láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní nínú gbogbo àdúgbò etí odò, àwa la mọ omi òjò í tọ́jú jù. Pátákó idẹ kan ń bọ̀, orúkọ àdúgbò yóò wà lára rẹ̀. Mo ní pátákó nìkan? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní pátákó nìkan, màmá. Kò burú. Idẹ ṣì ju páànù lọ.

Inú mi dùn ṣá. Kí ni a ṣe tó bẹ́ẹ̀? Ilé kọ̀ọ̀kan ń kó ojú gọ́tà tirẹ̀ kí òjò tó dé. Irin bẹ́ẹ̀dì wa àtijọ́ ni baálé mi jó pọ̀ tó fi ṣe asẹ́ sí ẹnu gọ́tà, kí ọ̀rá àti ike má baà kọjá. (Wẹ́dà ni. Ó mọ irin í so pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ.) Lẹ́yìn náà, Àwokòtò. Èmi ni mo sọ ilẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tó rì wọnú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. Ẹnikẹ́ni kì í kọ́lé síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í da pàǹtí síbẹ̀. Koríko nìkan. Bí òjò bá rọ̀, omi Òkè Ọ̀nà, àdúgbò tó wà lókè wa, àti omi tiwa á ya síbẹ̀, á sinmi, á wá máa rọra yọ́ lọ sódò.

Omi ní láti jókòó síbì kan. Bí o kò bá fún un lága, orí bẹ́ẹ̀dì rẹ ni yóò jókòó sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Akọ̀wé wá. Àbúrò ọkọ mi ni, alága àdúgbò. Èmi ni mo fún un lórúkọ yẹn nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé wọn, torí bírò kì í kúrò lápò rẹ̀. Bírò ṣì wà níbẹ̀, ikùn ló ti ṣáájú rẹ̀ báyìí.

"Ìyàwó wa, ẹ̀yẹ dé!" — ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òun ló fọwọ́ kó gọ́tà. Ojú gọ́tà tirẹ̀ gan-an, èmi ni mò ń kó o. Mo gbé ìyẹn tì. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ayọ̀ kọ́.

Ó ní Ọ̀gá Pátápátá káńsù yóò wá fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ayàwòrán. Ó ní wọn yóò nílò ibi ìdúró. Ó wá yọjú lójú fèrèsé mi, ó ń wo Àwokòtò.

Bí ológbò ṣe ń wo ẹja ló ṣe ń wò ó. N ò fẹ́ràn rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Mo lọ ra òwú àti abẹ́rẹ́. Kí n tó dé, típà mẹ́ta ti da yanrìn sínú Àwokòtò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìbínú ò jẹ́ kí n jẹun. Pèpéle ni wọ́n fẹ́ mọ síbẹ̀! Sìmẹ́ńtì, àtẹ̀gùn, òdòdó yí i ká. Ọ̀gá Pátápátá yóò dúró lórí rẹ̀, wọn yóò kan pátákó idẹ mọ́ òpó kan níbẹ̀ títí ayé. Nínú Àwokòtò! Nítorí pé a fún omi láyè ni wọ́n ṣe ń yìn wá, inú àyè omi náà ni wọ́n sì fẹ́ kó ìyìn sí. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń ki ọlọ́kọ̀ ojú omi pé ọkọ̀ rẹ̀ kì í jò, tí wọ́n wá lu ihò sí ìdí ọkọ̀ náà kí wọ́n lè ri àsíá mọ́ ọn.

Mo lọ bá Akọ̀wé nílé. Ó ní kì í ṣe gbogbo ẹ̀, ìdajì ni. Mo ní ìdajì yẹn náà ni yóò wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní, "Ìyàwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà á jẹ́ fún wa. Ẹ̀yẹ kì í kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì." Mo ní omi ńkọ́, ṣé ó máa ń kanlẹ̀kùn ni?

Ó ti gbàgbé. Èmi ò lè gbàgbé. Ọdún tí wọ́n sọ Àwokòtò di ààtàn, omi wọlé bá mi, ó mu máṣíìnì mi dé ọrùn. Aṣọ ìyàwó kan wà lórí rẹ̀, ọ̀la ni wọn yóò wọ̀ ọ́. Mo rí ojú ọmọbìnrin náà nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà. Owó aṣọ, mo san án tán. Ojú yẹn ni n kò rí san.

Torí náà, rárá.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Káńsù. Ẹnjiníà fọwọ́ bojú nígbà tí mo ròyìn yanrìn fún un. Ó ní Àwokòtò gan-an ni òun kọ sókè pátápátá nínú ìwé tí òun fi dábàá wa. Ó ní òun ti pariwo, wọ́n ní kí òun lọ mójú tó gọ́tà òun. Ọ́fíìsì Ayẹyẹ ló ni yanrìn, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n wà.

Mo gun òkè. Ọ̀gá Ayẹyẹ: kóòtù, afẹ́fẹ́ tútù, eyín funfun báláú. "Màmá, ṣé ẹ ò fẹ́ kí ayé mọ̀ yín ni?" Mo ní kí ayé mọ̀ mí, ṣùgbọ́n kí wọ́n bá mi lórí ìyàngbẹ ilẹ̀. Eyín pa dé. Ó ní bí a ò bá ní ibi tí Ọ̀gá yóò dúró sí, ẹni tó ṣe ipò kejì wà níbẹ̀. Ta ni? Òkè Ọ̀nà.

Òkè Ọ̀nà! Àwọn tí gbogbo gọ́tà wọn ń da sí wa lórí! Bí omi wọn ò bá kún, ìdí ni pé àwa là ń bá wọn gbà á.

Mo fẹsẹ̀ rìn bọ̀ nílé. Ìbínú dín owó ọkọ̀ kù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Ìpàdé àdúgbò. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ariwo sin mí. Oníbúrẹ́dì ní ìlara ló ń dà mí láàmú, pé torí wọn ò ní kọ orúkọ mi sí idẹ ni. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn pè mí ní Ìyá Kòtò. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo kí wọn, mo ní mo gba orúkọ náà, wọ́n ṣeun, kí wọ́n máa rántí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ bí òjò bá dé.

Baálé mi ńkọ́? "Ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wò ó bí ẹni máa gbé e mì. Ó ń wo bàtà rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Kò sí oníbàárà. Àwọn méjì wá gba aṣọ wọn láìrán. Mo jókòó, mo ń wo yanrìn.

Yanrìn tó dára ni o. Ó mọ́, kò ní amọ̀ nínú. Ẹni tó bá ń kọ́lé lọ́dún yìí mọ iye tí wọ́n ń tà á. Iye yẹn ga ju òkìtì náà fúnra rẹ̀ lọ.

Mo ń ronú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo pe Ẹnjiníà lórí fóònù. Mo ní yanrìn tí káńsù dà sí àdúgbò fún ìlò àdúgbò, ti ta ni? Ó ní, "Màmá, ó jọ pé ti àdúgbò ni." Ó bú sẹ́rìn-ín, ó pa fóònù.

Oníbúrẹ́dì yẹn ń kọ́ ilé ààrò tuntun, ó sì ti há sídìí ìpìlẹ̀. Mo lọ bá a. Mo ní ohun tó ti kọjá ti kọjá. Mo ní yanrìn wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá tètè dé ló ni ín. Mo wá bẹ̀ ẹ́ gidigidi pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó fi ẹ̀mí rẹ̀ búra. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò á ti gbọ́; ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ha! Ẹnu mi ò gbà á!

Kí oòrùn tó yọ, bárò ti ń ké fín-ín fín-ín lójú ọ̀nà. Garawa, báàfù, àpò ìrẹsì, ìkòkò. Oníbúrẹ́dì ló ṣíwájú, kò wo ojú mi. Àwọn tó pè mí ní Ìyá Kòtò ń pè mí ní "ẹ̀gbọ́n wa, ẹ bá wa gbé e rù." Mo ń gbé e rù wọ́n. Òkè Ọ̀nà náà sọ̀ kalẹ̀ wá pẹ̀lú ọmọlanke! Ìyàwó Akọ̀wé ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ní òun ń rẹ́ balùwẹ̀.

Akọ̀wé sáré dé, ọwọ́ lórí. "Ìyàwó, ẹ ti pa mí!" Mo ní, "Akọ̀wé mi, yanrìn ló lọ, ẹ̀yin ṣì wà." Ó yíjú, ó rí aya rẹ̀ pẹ̀lú báàfù lórí. Ó fi wá sílẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí koríko hàn tán, àwọn èèyàn ti ń túká. Ìgbà náà ni baálé mi mú ṣọ́bìrì bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó wa ìyókù, ó dì í sínú àpò, ó kó wọn ti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi bí ìdènà. Ó nu ojú. Ó bọ́ sílé.

Mo se ẹran méjì fún un lálẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Wọ́n ti gba àmì ẹ̀yẹ lọ́wọ́ wa. Ó di ti Òkè Ọ̀nà. Akọ̀wé ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Gbogbo àdúgbò ń kùn — ṣùgbọ́n n ò tíì rí ẹni tó dá yanrìn padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ayẹyẹ ní Òkè Ọ̀nà. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, mò ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò, gbogbo ọ̀rọ̀ wọn ń já sí mi létí láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn. Ọ̀gá Pátápátá ní kí a pàtẹ́wọ́ fún àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń fún omi láyè. Ẹ̀rín pa mí, abẹ́rẹ́ gún mi.

Ó dùn mí díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ òótọ́ síbí, kò sí ẹni tó ń kà á. Ì bá wù mí kí n fọwọ́ kan idẹ náà lẹ́ẹ̀kan.

Bí wọ́n bá tún gbé yanrìn wá lọ́la, màá tún pín in.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Òjò ọdún yìí dé. Ọ̀sán ló bẹ̀rẹ̀. Ojú ọ̀run kọ́kọ́ dúdú bí ìdí ìkòkò, gbogbo ilé sì jáde sí ojú gọ́tà wọn, bí ìṣe wa. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Oníbúrẹ́dì ń fi ọwọ́ lásán yọ ọ̀rá lẹ́nu asẹ́.

Omi Òkè Ọ̀nà wá ya dé. Ó gbé òdòdó ike pèpéle wọn, ó gbé àga ike méjì, ó gbé ohun tó jọ fìlà ẹnì kan. Gbogbo rẹ̀ wọ Àwokòtò. Àwokòtò ń kún. Ó bo koríko. Ó dé etí. Ó kan àpò yanrìn tí baálé mi tò. Mo ti gbé máṣíìnì sórí tábìlì, mo gbé aṣọ oníbàárà lé orí, mo dúró.

Akọ̀wé wọlé, ó ti ká ṣòkòtò dé orúnkún. Ilé tirẹ̀ ló wà lẹ́yìn tèmi. Bí omi bá kọjá mi, òun ló kàn. A jọ dúró lójú fèrèsé. A ń wo omi.

Akọ̀wé nawọ́ sí etí omi.

"Ìyàwó."

"Akọ̀wé."

"Ó dúró."

"Kò dúró. Ó jókòó ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò fẹ́ rín. Ó fa bírò yọ lápò, kò rí ohun tí yóò fi ṣe, ó dá a padà. Ó ní idẹ yẹn ì bá dára lára ògiri o. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ì bá dára.

Òjò dá. Mo na ṣọ́bìrì sí i. Mo ní ojú gọ́tà yín ti ń retí yín láti ọjọ́ pípẹ́, ọkọ mi. Ó wo ṣọ́bìrì, ó wò mí. Ó gbà á.

Ó ti wà níbẹ̀ báyìí, mò ń gbọ́ bó ṣe ń ha á. Kò mọ̀ ọ́n ha.

Pátákó wọn wà lókè. Omi wọn wà lọ́dọ̀ wa. Mo bọ́ bàtà, mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí máṣíìnì.

Ó gbẹ.