Ọdún Mẹ́ta Tàbí Márùn-ún: Ìjà Àga Méyọ̀ ní Kumbena

Lẹ́yìn Ọjà Àtijọ́,
Kumbena,
Papua New Guinea.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹjọ, 2013.

Nerrie, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Yàrá wa níléèwé ńkọ́? Màmá rẹ ní etíkun ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Mo fẹ́ kí ìkíni yìí gùn díẹ̀ sí i kí n má bàa dẹ́rù bà ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò ṣeé fi falẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ìlú wa fẹ́ sọ ọdún tí méyọ̀, olórí ìlú, ń lò di márùn-ún dípò mẹ́ta. Ó lè kéré lójú rẹ. Láti ìgbà tí ogun àwọn bàbá wa ti parí, bí ìdílé Kamdi bá lo ọdún mẹ́ta lórí àga, Yongai ló kàn. Kamdi ni bàbá mi, Yongai ni màmá mi. Kamdi ló wà níbẹ̀ báyìí, ọdún tó ń bọ̀ ló yẹ kó kan Yongai. Ṣùgbọ́n àbá yìí ní orí ẹni tó wà níbẹ̀ ni ọdún márùn-ún yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n pe ìpàdé sí pápá ní Sátidé. Nolpi, ẹ̀gbọ́n màmá mi, tutọ́ pupa buai, èso tí à ń jẹ lẹ́nu, sílẹ̀, ó kọjú sí bàbá mi.

"Àna, ẹ jẹ tiyín tán, ẹ tún fẹ́ lá àwo tiwa!"

Bàbá mi dáhùn pé, "Nolpi, jókòó jàre! Nígbà tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà, ṣé ẹ rí ilẹ̀kùn kàn sí i?"

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ò tíì kúrò lẹ́nu wa tí òkúta àkọ́kọ́ fi balẹ̀. Wọ́n yọ àdá. Wọ́n ṣá àbúrò méyọ̀ léjìká, ẹ̀jẹ̀ dà sórí ọ̀dùnkún tí wọ́n ń tà. Bàbá mi fa igi ọgbà yọ, ó fi gba apá Nolpi. Mo gbọ́ bí egungun náà ṣe kán.

O mọ̀ pé níbí, ẹni tí ìhà méjèèjì bí nìkan ni wọn kì í fọwọ́ kàn láàárín ìjà. Màmá já ewé tanget, ewé tí wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ fún àlàáfíà, ó fi í sí mi lọ́wọ́.

"Delma, bọ́ sáàárín wọn. Èmi, wọ́n á gé mi."

Èmi tí n kì í lè nawọ́ sókè ní kíláàsì! Mo rìn. Òkúta kan gba ẹ̀gbẹ́ etí mi kọjá. Ẹnìkan kígbe pé, "Ọmọ wa ni o! Ẹ dúró!" Wọ́n dúró.

Ṣùgbọ́n Jímọ̀ ni ìgbìmọ̀ yóò dìbò. Nolpi ránṣẹ́ láti ọsibítù pé ọwọ́ òsì òun ṣì mọ àdá mú. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mò ń gbọ́ bí bàbá mi ṣe ń pọ́n tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Jímọ̀ yìí kan náà ni ìdánwò wa. Màmá ní kí n máa lọ síléèwé. N kò mọ̀ bóyá wọn á tún dúró nítorí ewé, n kò sì mọ̀ bóyá wọn á jẹ́ kí n tún ìdánwò náà ṣe. Síbẹ̀, n kò ní wá.

Jọ̀wọ́, bá mi sọ fún olùkọ́ wa. Má ṣe sọ pé ara mi ò yá. Sọ pé wọ́n ń dìbò ní Kumbena, pé bàbá mi wà lápá kan, ẹ̀gbọ́n màmá mi wà lápá kejì, èmi ni mo sì máa dúró láàárín wọn.

Bá mi kí gbogbo àwọn ará yàrá wa, kí o sì gbàdúrà fún mi.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ̀rù ń bà,
Delma Kaugla