Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Oníyọ̀, Tí Kò Ta Oògùn fún Àgbàdo Tó Ti Bu

Ní ọdún 1949, nínú ilé onípákó kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin, ni a bí màmá wa ọ̀wọ́n, aya mẹkáníìkì, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Màmá Oníyọ̀. Bàbá wọn ń ru ẹrù ní ibùdókọ̀ náà, ìyá wọn ń bá èèyàn fọṣọ. Ọmọ méjì péré ló yè fún wọn: Màmá, àti àbúrò wọn ọkùnrin. Ní 1963 Màmá kúrò nílé ìwé kí àbúrò wọn lè rówó kàwé. Wọn kò fi ìyẹn ṣe ìrègún rí.

Ní 1971 wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú bàbá wa, tí ń tún ẹ̀rọ ṣe nílé iṣẹ́ tí a ti ń lọ oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu bàbá wa. Màmá ní àwọn làwọn ń sọ ti ẹni méjì. Ní 1984 wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré sẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ náà. Ọjà kan ṣoṣo ni wọ́n ń tà: nǹkan funfun kan tó kúná lẹ́búlẹ́bú, tí a ń pò mọ́ àgbàdo àti oúnjẹ adìyẹ kó má baà bu. Òórùn rẹ̀ a máa ta sí ni nímú, kò sì sí ọṣẹ tó ràn án lára aṣọ wọn.

Oògùn ni gbogbo ọlọ́jà yòókù ń pè é. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá ti gbọ́ oògùn, ìwòsàn ló ń retí, bẹ́ẹ̀ ọjà yìí kì í wo nǹkan kan sàn. Àgbàdo tó gbẹ, tó dára, ló ń bá èèyàn ṣọ́. Èyí tó bá ti bu, májèlé ti wọ inú rẹ̀, kò sì sí ohun tó lè yọ ọ́ mọ́. Iyọ̀ ni Màmá ń pè é, bó ṣe di Oníyọ̀ mọ́ wọn lórí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ oníbàárà tí wọ́n dá padà ló bínú sọdá sọ́dọ̀ ọkùnrin òdìkejì títì, tó kọ OÒGÙN gàdàgbà sára ògiri. Ọjà tirẹ̀ ń yá. Ti Màmá ń wọ́ bí ìgbín.

Ní 1997, ọdún tí òjò kò dáwọ́ dúró, ni ohun tí a kò lè fò nínú ìtàn yìí ṣẹlẹ̀. Àbúrò Màmá, tí a mọ̀ sí Bàbá Ẹlẹ́dìyẹ, ru àpò àgbàdo kan wọlé. Ó ti hùkàsì, ó ti ń ṣe àwọ̀ ewé. Ṣọ́ọ̀bù kún. Bàbá Ẹlẹ́dìyẹ ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ fún mi ní oògùn yín tó le.” Ó ti rẹ Màmá láti àárọ̀, wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, “Oògùn wo? Ta ló ń fi iyọ̀ sí ẹran tó ti rà, àfi ọ̀dẹ̀?” Ni èrò bá bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá Ẹlẹ́dìyẹ gbé àpò wọn, ó di òdìkejì títì. Oògùn ibẹ̀ pa òórùn àgbàdo náà. Kò pa májèlé inú rẹ̀. Kò pẹ́, adìyẹ kú tán, ilé adìyẹ dahoro. Ohun tí Bàbá Ẹlẹ́dìyẹ wá ń sọ kiri ni pé ẹ̀gbọ́n àwọn fi oògùn gidi pamọ́, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn lọ ra ayédèrú. Háà! Ó dun Màmá dé egungun. Wọ́n lọ bẹ̀bẹ̀, ilẹ̀kùn kò ṣí. Wọ́n rán àlùfáà. Wọ́n rán bàbá wa, tí wọ́n lọ jókòó síbẹ̀ láì sọ nǹkan kan, tí wọ́n sì padà wálé. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Màmá a máa ní, “Òótọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ lójú èrò.”

Ní 2006 a yàn wọ́n ní alága ẹgbẹ́ àwọn tí ń ta èlò oúnjẹ ẹran. Wọ́n ń lọ láti ọgbà dé ọgbà, wọ́n ń kọ́ àwọn ọlọ́sìn bí a ṣe ń fi eyín gé àgbàdo wò: bó bá dún kà, ó gbẹ, bó bá rọ̀, ẹ padà lọ sá a. Nínú ìjọ, àwọn ló ń gbálẹ̀, tí wọ́n tún ń bá ẹni tó da ìdọ̀tí síbẹ̀ jà. Ibi gbogbo tí wọ́n bá dé ni wọ́n ti ń béèrè àlàáfíà àbúrò wọn, tí wọ́n á sì ní kí ẹni tí wọ́n bi má sọ pé àwọn béèrè.

Ní 2019 wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa. Àìsàn dé ní ọdún tó kọjá, ó sì rẹ gbogbo wa, ká má purọ́. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí Màmá lọ, wọ́n ní bí àbúrò àwọn bá wá síbi ìsìnkú, kí ẹnikẹ́ni má bi í pé ibo ló ti wà látijọ́ yìí. A ti ránṣẹ́. A kò tíì rí èsì títí ìwé yìí fi lọ sílé ìtẹ̀wé.

Màmá fi bàbá wa sáyé lọ, àti ọmọ mẹ́rin, ọ̀pọ̀ ọmọ-ọmọ, àti àbúrò kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin èèyàn wa, àga tó ṣófo níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má jókòó sí i. Bí Bàbá Ẹlẹ́dìyẹ bá wọlé, ìbáà jẹ́ pé àdúrà ti ń lọ lọ́wọ́, ẹ yà kí wọ́n ráyè kọjá. Ẹ dákun, kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín.

Màmá, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, kí oorun yín tù yín lára.